Ogójì Ìṣẹ́jú Láàárín Erékùṣù Méjì

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ní erékùṣù kan. Òun ló máa ń kéde fún àwọn èrò nígbà tí bàálù bá fẹ́ gbéra. Láràárọ̀ ni yóò gbẹ́nu sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí yóò ní: "Ẹ̀yin èrò wa, erékùṣù kejì là ń lọ. Igba kìlómítà ó lé mẹ́wàá ni. Ogójì ìṣẹ́jú péré la ó lò."

Erékùṣù kejì yìí ni wọ́n ti bí i. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ wà, opó, òun nìkan nínú ilé. Ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń gbé òṣìṣẹ́ pápákọ̀ lọ síbẹ̀, ìgbàkígbà tó bá wù ú. Bó ṣe rọrùn tó yìí gan-an ni kò jẹ́ kó lọ. Á ní bí òjò bá dá, òun yóò lọ. Á ní bí àwọn ọmọ òun bá gba ìsinmi, òun yóò lọ. Bí ìyá bá pè é lórí fóònù, ọmọ á ní, "Mo ń bọ̀, Màámi. Ibí yìí náà ni mo wà." Ọdún mẹ́jọ kọjá.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin aládùúgbò ìyá náà pè é. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá o. Ojú Màmá ti fọ́, wọn ò sì dá èèyàn mọ̀ mọ́." Ọjọ́ náà ló wọ bàálù.

Ó bá ìyá rẹ̀ lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni ìyá wí. "Níbo lẹ ti wá?"

"Erékùṣù tó wà lódìkejì òkun ni, Màámi."

"Háà, ẹ mà kú ìrìn o! Ọmọ mi wà níbẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn kọjá sísọ. Ọmọ mi ì bá ti wá, òkun yẹn ni kò jẹ́."

Obìnrin aládùúgbò gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ohun tí wọ́n ń sọ fún gbogbo àdúgbò nìyẹn, láti ọdún mẹ́jọ yìí wá. Ẹni tó bá sọ pé bàálù ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n á bá a jà."

Ìyá rọra ń fọwọ́ pa ọkùnrin náà lọ́wọ́, bí ẹni ń tu àlejò nínú. "Bí ẹ bá padà, ẹ bá mi kí i. Ẹ ní mi ò bínú."

Oṣù mẹ́ta ni ìyá tún lò láyé. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ọmọ ń wá, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ìyá ń bi í níbi tó ti wá.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, mi ò bi ọ́ bí ilé bàbá rẹ ṣe jìn tó. Mo yà síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Bàbá ní iṣẹ́ ló pọ̀ fún ọ. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní àwọn ṣáà mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá arúgbó ń purọ́ nítorí rẹ, ojú sì ń tì wọ́n bí wọ́n ṣe ń pa á. Dìde, kí o lọ. Má jẹ́ kí irọ́ yẹn bá wọn dé ibojì.