Ẹbọra Olójúmẹ́fà àti Ìtẹ́ Ẹ̀lírí

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá. À ń pa á nígbà tí a bá ń ra aṣọ, à ń pa á nígbà tí a bá ń kọ́lé. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àgbẹ̀ kan ló rí ihò eku lóko tó sì sọ ohun tó rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí eré ló ti wá, nílé ọkùnrin kan tí ilé rẹ̀ fẹ́ dá páropáro.

Ọdẹ́yalé ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọdẹ ni tẹ́lẹ̀, kí igi tó wó lù ú lẹ́sẹ̀. Nígbà tí kò lè lọ sígbó mọ́, ó gbé igbó wá sílé. Ó dá eré kan sílẹ̀ tí àwọn ará abúlé rẹ̀ ń ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ òjò, nígbà tí oko kò ṣeé lọ.

Eré náà kò ṣòro. Ọdẹ́yalé ni Onígbó. Òun ló ń ròyìn igbó fún wọn: ibi tí ọ̀nà ti yà, odò tó kún, ohun tó ń mí lẹ́yìn igi. Àwọn yòókù ni ọdẹ. Ọdẹ kọ̀ọ̀kan ní òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́wàá níwájú rẹ̀, òkúta wọ̀nyí sì ni ẹ̀mí rẹ̀. Bí ẹbọra bá yọ, Onígbó á ka òkúta tirẹ̀ náà sílẹ̀. Ọdẹ á da èèpo ẹ̀pà mẹ́rin sórí ẹní, iye tó bá dojú sókè ni wọn yóò mú kúrò nínú òkúta ẹbọra. Lẹ́yìn náà, ẹbọra á da tirẹ̀. Ẹni tí òkúta rẹ̀ bá tán ti kú nìyẹn. Òkú kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni yóò lọ jókòó, yóò sì máa bá Onígbó bó ẹ̀gúsí títí eré yóò fi parí.

Àṣàkẹ́, ìyàwó Ọdẹ́yalé, ló mọ eré náà ṣe jù. Ẹbọra kan wà tó ń jẹ́ Olójúmẹ́fà. Ogún òkúta ni Ọdẹ́yalé kọ́kọ́ fún un, Àṣàkẹ́ pa á. Ó sọ ọ́ di ọgbọ̀n, Àṣàkẹ́ tún pa á. Ó di àádọ́ta, ó sì ní kí ẹbọra máa da èèpo lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ yẹn, Àṣàkẹ́ kò tilẹ̀ da èèpo kankan. Ó wo ẹbọra náà lójú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sọ fún un pé ìyá ẹbọra ń pè é lódò. Ọdẹ́yalé ronú títí, kò rí ohun tí ẹbọra lè fi dá a lóhùn, ló bá jẹ́ kí ẹbọra náà lọ.

Àṣàkẹ́ kú nígbà ọyẹ́. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Ọdẹ́yalé tẹ́ ẹní bó ti máa ń ṣe. Àwọn mẹ́ta ló wá: Ayọ̀ká amọ̀kòkò, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ olóògbé, Òjélàdé adẹ́mu, àti Ṣówándé tí ń hun agbọ̀n. Ọdẹ́yalé ka àádọ́ta òkúta sílẹ̀ fún Olójúmẹ́fà. Kí wọ́n tó mí lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

“Bàbá,” ni Òjélàdé wí kó tó di òkú pátápátá, “mi ò tíì wọ igbó tán. Ẹsẹ̀ mi kan ṣì wà lóde.”

“Òkú kì í sọ̀rọ̀,” ni Ọdẹ́yalé dá a lóhùn, ó sì na igbá ẹ̀gúsí sí i.

Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta. Ẹ̀gúsí bíbó kún igbá méjì nílé Ọdẹ́yalé, ẹ̀rín kan ṣoṣo kò jáde níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, òjò rọ̀ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò wá. Ọkùnrin náà jókòó ti ẹní rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn wọn láti abẹ́ àtíbàbà Òjélàdé, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Àwọn nìkan ló ń wọ ilé rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sin Àṣàkẹ́. Bí wọn kò bá wá mọ́, kò sí ohùn mìíràn tí yóò gbọ́ nínú ilé náà títí ẹ̀ẹ̀rùn, àfi tirẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Ayọ̀ká wá gba ìkòkò rẹ̀ tó yá wọn nígbà ìsìnkú.

“Ẹ kú ìjókòó, ọkọ ọ̀rẹ́ mi.”

“Jókòó, kí a bẹ̀rẹ̀.”

“Kí a bẹ̀rẹ̀ kí ni? Ẹ̀gúsí bíbó? Mo ti bó tèmi nílé.”

“Ojo ni yín,” ni Ọdẹ́yalé wí. “Igbó kì í ṣe ilé àna.”

“A kì í ṣe ojo. Ojo a máa rí ohun tó ń sá fún. Àwa kì í rí i ká tó kú. Òkúta mélòó lẹ kà fún ẹbọra yìí?”

“Àádọ́ta. Iye tó máa ń jẹ́ nìyẹn.”

“Fún ta ni?”

Ọdẹ́yalé tún òkúta rẹ̀ kà. Ayọ̀ká fi í síbẹ̀. Ó lọ sí ìdí àgbàdo tí wọ́n kó jọ sí kọ̀rọ̀, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìkòkò náà wà. Bó ti ń ti àgbàdo sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀lírí kan, eku tó kéré jù lọ, fò jáde, ó gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ sá lọ. Ayọ̀ká tẹ̀ ba, ó sì mú ìtẹ́ rẹ̀ jáde. Irun àgbàdo ni ẹ̀lírí fi hun ún. Kò ju ìkúùkù ọmọ ọwọ́ lọ.

“Ẹ wo nǹkan,” ni Ayọ̀ká wí. “Yàrá yìí fẹ̀, àgbàdo pọ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní kí ó má kọ́lé tó tó ti òkété. Ìwọ̀n ara rẹ̀ ló kọ́. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí ẹ kọ́ igbó yín fún ti lọ, ọkọ ọ̀rẹ́ mi. Àwa ẹ̀lírí ló kù.”

Ọdẹ́yalé gba ìtẹ́ náà, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó pẹ́.

“Gbé ìkòkò rẹ,” ló wí níkẹyìn. “Bí òjò bá rọ̀ lọ́la, sọ fún wọn kí wọ́n wá.”

Òjò rọ̀, wọ́n sì wá. Ọdẹ́yalé ka òkúta márùn-ún péré fún Olójúmẹ́fà. Òjélàdé da èèpo, mẹ́ta dojú sókè. Ṣówándé da tirẹ̀, méjì dojú sókè. Ẹbọra kú.

Òjélàdé wo ẹní, ó wo Onígbó. “Bàbá, ṣé ẹbọra nìyẹn ni, àbí adìyẹ tó sọnù? Ẹ jẹ́ ká mọ̀, kí n lọ dá a padà fún ẹni tó ni ín.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Ṣówándé fi yán. Ọdẹ́yalé rí i. Ó mọ̀ pé òun ti ṣì í lẹ́ẹ̀kejì. Bí ìtẹ́ bá tóbi jù, òtútù á pa eku. Bí ó bá kéré jù, ìrù rẹ̀ á wà nínú òjò.

Láti ọjọ́ náà ló ti yéé wo ẹbọra, ó ń wo àwọn ọdẹ. Ó ṣàkíyèsí pé Ṣówándé kì í kánjú. Ayọ̀ká ní ẹnu. Òjélàdé ń bẹ̀rù gbogbo ohun tó ń rìn nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí igi tó ń bẹ̀rù láti gùn. Ọgbọ̀n òkúta ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní lápapọ̀. Nígbà tí wọ́n tún jókòó, ogún ló kà fún Olójúmẹ́fà, ó sì sọ pé márùn-ún nínú ojú rẹ̀ ń sùn, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ni yóò máa da èèpo.

Ìjà náà gba gbogbo ọ̀sán. Ṣówándé kọ́kọ́ kú, ó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé igbá ẹ̀gúsí lé ẹsẹ̀. Òkúta méjì ló kù fún Òjélàdé, ọ̀kan fún Ayọ̀ká, mẹ́fà fún ẹbọra.

“Gun ọ̀pẹ,” ni òkú wí láti ìdí ògiri.

Ọdẹ́yalé ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

“Mo gun ọ̀pẹ,” ni Òjélàdé wí. “Mo ní igbà mi, mo ní akèrègbè ẹmu mi. Mo da ẹmu náà sí ojú kan tó là.”

Àṣàkẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé, nítorí kò gun ọ̀pẹ rí. Ọdẹ́yalé gbé ọwọ́ lé ẹnu. Ó wá mú òkúta mẹ́ta kúrò fúnra rẹ̀, ó ní ẹmu náà ta ẹbọra lójú. Ayọ̀ká da èèpo, mẹ́ta dojú sókè. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé òjò ti dá tipẹ́tipẹ́, kò sì sí ẹni tó dìde.

Bí wọ́n ti ń gbóyà sí i ni ojú ẹbọra ń là, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé, ojú kan ṣoṣo ló kù tó ń sùn, àwọn ará abúlé kejì sì ti ń wá tẹ́ ẹní tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ọdẹ́yalé.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí fún ẹni tó bá ń ṣe ju agbára rẹ̀ lọ, yálà nínú aṣọ, nínú ilé, tàbí nínú ìnáwó. Wọ́n tún máa ń pa á fún ọ̀gá tó di ẹrù tí kò ṣeé gbé ru ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó tọ́ sí jù lọ ni ẹni tó ń fi òṣùwọ̀n ẹni tó ti lọ wọn àwọn tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Wọ́n pa á fún èmi náà lọ́dún tó kọjá, mi ò sì bá wọn jiyàn.