Ọkọ̀ Tó Fìdí Kanlẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí òkun ń lé kúrò nílé baba rẹ̀. Àwọn ará abúlé rẹ̀ ti gé gbogbo igi ẹ̀gbà tó wà létí omi, wọ́n fi yan ẹja tán. Gbòǹgbò igi wọ̀nyí ló sì ń di ẹrẹ̀ mú. Nígbà tí kò sí wọn mọ́, ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í bu ilẹ̀ jẹ bí ẹni ń bu àkàrà.

Wọ́n tún ẹ̀gbà gbìn, wọ́n sì fi ọkùnrin yìí ṣe alábòójútó. Olórí abúlé sọ fún un pé, "Nígbà tó bá kù dẹ̀dẹ̀ kí òjò dé, kí o wá jíṣẹ́ fún wa. Bí igi wọ̀nyẹn ò bá tíì fìdí múlẹ̀, a óò kó lọ sórí ilẹ̀ gbígbẹ." Ìyá ọkùnrin náà ti darúgbó, ó sì ti búra pé òun ò ní bá ẹnikẹ́ni kó lọ síbì kankan. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ọmọ rẹ̀ lọ́kàn.

Gbogbo ìgbà ló ń wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Á dúró lórí omi, á wo orí igi. Ẹ̀dá ṣáà fẹ́ràn ohun tó ga. Igi kò ga rárá. Á padà sílé, oúnjẹ ò ní wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Nígbà tí òjò ń sún mọ́lé, ìyàwó rẹ̀ ti ibi ìpẹja dé, ó fajú ro.

"Bàbá Ọmọ́súyì, igi yín yẹn ti ń dí mi lọ́nà o. Ibi tí mo máa ń gbà kọjá, ọkọ̀ mi fìdí kanlẹ̀ níbẹ̀ lónìí. Ẹ bá mi hú u."

Inú bí ọkùnrin náà. Igi tí kò dàgbà, tó tún ń dínà, kí là ń tọ́jú rẹ̀ sí? Ó mú àdá, ó wa ọkọ̀ lọ. Ọkọ̀ tirẹ̀ náà fìdí kanlẹ̀. Ó fò sílẹ̀ láti tì í. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbin igi, ẹrẹ̀ ibẹ̀ mù ún dé itan. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Ó wá bojú wo ìdí igi: gbòǹgbò ti yà bí ìka, ẹrẹ̀ ti jókòó sáàárín wọn, akàn ti gbẹ́ ilé síbẹ̀. Ilẹ̀ tí òkun gbé lọ ló ń padà bọ̀.

Ó bú sẹ́rìn-ín lóun nìkan. Ara tù ú débi pé ó gbàgbé àdá sínú ẹrẹ̀. Ó lọ bá àwọn àgbà, ó ní, "Wọn ò tíì ga, ṣùgbọ́n wọ́n ti fìdí múlẹ̀." Òjò dé, ìgbì dé, omi dé àgbàlá, ó sì padà sẹ́yìn. Ìyá àgbà ò kúrò lórí àpótí rẹ̀. Ìyàwó ọkùnrin náà ní kí wọ́n ṣáà wá ọ̀nà mìíràn fún òun.

Ìyá Bọ́sẹ̀, ìwọ ni mo pa ìtàn yìí fún: ọmọ rẹ tó fi ọtí sílẹ̀ lo wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn mí. O ní kò tíì níṣẹ́, kò tíì fẹ́yàwó, ṣe ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná tí ẹ kì í ráyè kọjá. O ti di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. Lọ́dún tó kọjá, ta ló mọ ibi tó ń sùn? Lọ tú ẹrù náà. Bí o bá tún kọsẹ̀ lára rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, má ṣe bínú. Ọkọ̀ rẹ ló fìdí kanlẹ̀.