Àwẹ̀ró Ẹlẹ́sẹ̀ Osùn Lọ sí Òkè

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ohùn yín kò jáde tó. Àbí àsáró ti wọ̀ yín lára? Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n! Ààlọ́ mi bọ́ sínú àbàtà, ó yọ lórí òkè, ó dá lórí Àwẹ̀ró ẹlẹ́sẹ̀ osùn.

Ní ayé àtijọ́, ìlú méjì wà, òkè kékeré kan sì wà láàárín wọn. Kì í ṣe òkè ńlá o! Ewúrẹ́ á gùn ún láì mí hẹlẹhẹlẹ. Àmọ́ àbàtà ló yí i ká, omi, ẹrẹ̀ àti koríko. Lọ́dọọdún, ará ìlú méjèèjì máa ń pàdé lórí òkè yẹn. Ará ọ̀hún á gbé iṣu sísun wá, ará ìhín á ru epo. Èèwọ̀ ni, wọn kì í fẹnu kan iṣu náà láìsí epo. Bí oòrùn bá wọ̀ tí epo kò dé, kálukú á palẹ̀ mọ́, ó di àmọ́dún.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Àwẹ̀ró ló kàn láti ru epo. Ó ń jó kiri ilé! Àyìnkẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ ní ìlú ọ̀hún, ó ti bímọ, Àwẹ̀ró kò sì tíì fojú kan ọmọ náà. Orí òkè ni yóò ti rí i.

Kí ló wá ṣe? Ó fi osùn kun ẹsẹ̀, ó jókòó, ó ń dúró kó gbẹ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pè é títí.

“Ẹ máa lọ, mò ń bọ̀!”

Ìgbà tí osùn fi gbẹ, oòrùn ti mú. Àwẹ̀ró gbé kèrègbè epo rù, ó dé etí àbàtà, ó wo ẹrẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ó ní, “Ẹsẹ̀ yìí kẹ̀? Rárá o!”

Ó rí Lékèélékèé. “Lékèélékèé aláṣọ funfun, jọ̀ọ́, gbé mi kọjá.”

Lékèélékèé na ẹsẹ̀ kan síwájú. “Ẹsẹ̀ mi tó rí bí ọwọ̀ yìí lo fẹ́ gùn? Bọ́ sílẹ̀, kí o tẹ ẹrẹ̀.”

Àwẹ̀ró kọ̀. Ó ń rìn létí àbàtà, kò rí ọ̀nà.

Ó rí Akàn. “Akàn alágbára, jọ̀ọ́, gbé mi kọjá.”

Akàn rẹ́rìn-ín kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀. “Ẹ̀gbẹ́ ni èmi ń rìn sí. Bí mo bá gbé ọ, odò la máa dé, a ò ní dé òkè. Bọ́ sílẹ̀, kí o tẹ ẹrẹ̀.”

Àwẹ̀ró kọ̀. Oòrùn ti yẹ àtàrí.

Ó rí Ọ̀pọ̀lọ́. “Ọ̀pọ̀lọ́ onílùú ẹrẹ̀, jọ̀ọ́, gbé mi kọjá.”

Ọ̀pọ̀lọ́ ṣẹ́jú. “Ta ló ń dúró dè ọ́ lókè?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni. Àti ọmọ rẹ̀.”

“Ṣé ìwọ ni wọ́n ń dúró dè, àbí osùn?”

Omijé bọ́ lójú Àwẹ̀ró. Ọ̀pọ̀lọ́ ní, “Má sunkún. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Orí ìdì koríko ni kí o máa tẹ̀. Má sáré, má sì dúró pẹ́ lójú kan. Máa kọrin, kí ẹsẹ̀ rẹ máa tẹ̀ lé e.”

Àwẹ̀ró ká aṣọ sókè, ó bọ́ sílẹ̀, pọ̀ṣọ̀! Ẹ gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Àbàtà, mo fẹ́ kọjá o,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*
Ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ lókè o,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*
Epo rèé lórí mi o,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*
Bí osùn ó lọ, kó máa lọ,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*

Pọ̀ṣọ̀! Ẹrẹ̀ mu ún dé ọrùn ẹsẹ̀. Pọ̀ṣọ̀! Ó mu ún dé orúnkún. Osùn lọ ráúráú. Àwẹ̀ró fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹrẹ̀ náà tutù, ó ń pa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́rìn-ín!

Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ nígbà tó gorí òkè. Wọ́n ti ń di iṣu padà.

“Epo dé o!”

Òkè hó yèè! Àyìnkẹ́ dìde. Àwẹ̀ró yára fi ẹsẹ̀ pamọ́ sínú koríko. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wo ẹsẹ̀ mi o. Torí yín ni mo ṣe kun osùn, ẹrẹ̀ ti gbé e lọ.”

“Osùn? Wo tèmi!” Àyìnkẹ́ ká ìró sókè. Ẹrẹ̀ dúdú dé orúnkún! “Èmi náà kùn ún láàárọ̀!”

Wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àyìnkẹ́ tú ọ̀já, ó gbé ọmọ fún un. Ẹsẹ̀ ọmọ pọ́n dẹ̀dẹ̀, ẹrẹ̀ kankan kò sí níbẹ̀.

Àyìnkẹ́ ní, “Ṣé o rí i? Ẹni tí a pọ̀n kọjá nìkan ni osùn rẹ̀ kì í lọ.”

Àwẹ̀ró di ẹsẹ̀ kékeré náà mú, ayọ̀ kún inú rẹ̀. Wọ́n jẹ iṣu, epo ń kán dé ìgúnpá.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rèé: ẹni tó bá fẹ́ rí ẹni rẹ̀, kó tètè jáde nílé, kó má sì sá fún ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tó dé sàn ju ẹsẹ̀ olósùn tó dúró létí àbàtà. Bí mo bá purọ́, kí àbàtà gba bàtà mi méjèèjì. Bí òótọ́ ni mo sọ, ẹ lọ fọ ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó gorí ẹní mi!