Ẹni Tó Ń Dúró De "Ẹ Káàárọ̀" Lórí Fóònù

Nígbà tí èèyàn ò bá rí ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, báwo ló ṣe máa mọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ sí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já? Olùkọ́ wa ní kíláàsì àgbà ló bi wá. Mo ti rò ó títí, ó ti sú mi.

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n fi sídìí fóònù ní ilé ìwòsàn kan. Kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, aṣọ rẹ̀ kì í dọ̀tí. Ṣùgbọ́n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni tí onítọ̀hún ò bá tíì kí i. Tó bá gbé fóònù, á kàn ní "Ẹ̀n-ẹ́n?", á wá dákẹ́, á máa retí. Ó ní àgbà ni òun, bí wọ́n ṣe tọ́ òun nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan pè é.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mi mu kẹrosíìnì! Wọ́n ní kí n fún un lépo pupa mu, ṣé kí n—"

"Ẹ káàárọ̀ ńkọ́?"

"Sà?"

"Àbí a jọ jí nínú ilé kan náà ni?"

"Ẹ máà bínú, sà. Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ẹ̀ẹ́n! O ti ń dèèyàn gidi. Ṣé o jí dáadáa? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Obìnrin náà bú sẹ́kún. Ibẹ̀ ni owó orí fóònù rẹ̀ tán sí.

Nọ́ọ̀sì kan jókòó nítòsí, ó ń mu tíì. Ì bá ti ní, "Má fún un ní nǹkan kan, má jẹ́ kó bì, tètè gbé e wá." Kò sẹ́ni tó bi í. Ìyá ọmọ fún un lépo. Ọmọ bì, kẹrosíìnì sì gba inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lọ. Kò kú. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọmọ ọdún méje báyìí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré, òun á jókòó, á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Àbúrò mi, ọjọ́ Ajé ni wọ́n ní kó o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nídìí fóònù. Mo bẹ̀ ọ́, èmi náà lọ́mọ lọ́wọ́. Bó bá ti dún, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ kí wọn, ì báà jẹ́ ọmọdé ló pè. Dárúkọ ibi iṣẹ́ yín, béèrè ohun tí wọ́n fẹ́, kó o wá panu mọ́, kó o gbọ́. Kíkí tó kù, jẹ́ kó dúró dìgbà tí ọ̀rọ̀ bá tán. Mi ò ní kó o má lẹ́kọ̀ọ́ o. Ẹni tó pè ò rí àga tó o jókòó lé, ìwọ náà ò sì rí ohun tó gbé lọ́wọ́.

Ó pẹ́ gan-an kí n tó gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì yẹn pé ọkùnrin náà ò mọ nǹkan kan nípa ohun tó ṣe ọmọ yẹn. Títí tó fi fẹ̀yìn tì, ó ń sọ ọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ tuntun pé òun ń béèrè àlàáfíà ọmọ lọ́wọ́ obìnrin kan, ló bá pa fóònù mọ́ òun létí.