Eré Ikún àti Oyè Adíhò

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Géèmù kò ní sá lọ. Ẹ̀yin àgbà náà, mo rí yín. Àlọ́ mi ta kété, ó gba abẹ́ ilẹ̀ lọ, ó yọ lẹ́nu ihò Ikún.

Ní ìgbà kan rí, Òkété gbẹ́ ihò láti ilé ẹranko kan dé ilé èkejì, títí gbogbo ihò fi lu jára wọn. Wọ́n sọ ọ́ ní Ayélujára. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbà kí ara wọn. Inú rẹ̀ ni Ikún ń gbà ta eré.

Iṣẹ́ Ikún nìyẹn. Á fi eyín gbẹ́ ọ̀nà tó lọ tó bọ̀ sára èèpo igi, á kó òkúta wẹ́wẹ́ lé e: ta ni yóò kọ́kọ́ délé? Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á mú ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan wá. Ẹ̀pà yẹn ni àwọn ọmọ Ikún mẹ́fà ń jẹ.

Àfi bí Ẹmọ́ ṣe wo eré náà títí, tó gbẹ́ irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, tó ń tà á kiri ní ẹ̀pà méjì péré. Ẹnikẹ́ni kò yà sọ́dọ̀ Ikún mọ́. Ebi wọlé. Ikún sunkún dé ààfin Erin.

Ìjàpá ti wà ńbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ fún wa lófin! Ẹnu ihò tí eré olè bá gbà kọjá, kí á fi òkúta dí i lójú ẹsẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rojọ́. Olè mọ ẹjọ́ rò jù!"

Òkété fò dìde. "Ìjàpá, bí eku bá jẹ iṣu kan, ṣé gbogbo oko la ó dáná sun?"

"Ẹ ò gbọ́ ọ̀rẹ́ olè bí?"

Ikún rántí ọmọ mẹ́fà. "Òfin yẹn tẹ́ mi lọ́rùn," ló wí. Ni Erin bá gbà, ó fi Ìjàpá jẹ oyè Adíhò.

Ọjọ́ kẹta, Ìjàpá ti dí ihò Ehoro. Ọjọ́ karùn-ún, ti Òòrẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí á dí tòun, kó gbé iṣu wá. Ìyẹn ò tó o. Ó ní kí gbogbo ọ̀nà máa gba ẹnu ihò tòun nìkan kọjá, kí òun lè rí olè mú.

Lọ́jọ́ kan ó dé ilé Ikún, ó bá eré mẹ́wàá nílẹ̀.

"Eré Ikún rèé! Níbo lo ti jí i?"

"Èmi ni Ikún!"

"Bí gbogbo olè ṣe ń wí nìyẹn."

"Ìjàpá, ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? Mo ní èmi ni mo gbẹ́ ẹ!"

"Òfin ní kò sí ẹjọ́."

Gbì! Òkúta dí ihò mọ́ Ikún àti ọmọ mẹ́fà lórí. Ikún figbe bọnu, ó fi kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Òkété, gbẹ́lẹ̀ wá o,
*Gbẹ́rẹ́ gbẹ́.*
Òfin tí mo fẹ́ ló sé mi mọ́,
*Gbẹ́rẹ́ gbẹ́.*
Ọmọ mẹ́fà ń bẹ lọ́rùn mi o,
*Gbẹ́rẹ́ gbẹ́.*

Òkété gbọ́. Ó gbẹ́ ẹ̀yìn wá, ó yọ wọ́n. "Ọ̀rẹ́ olè ló dé o," ló wí. Ojú ti Ikún, ẹ̀rín sì pa á.

Bí wọ́n ṣe ń gba ihò tuntun náà lọ, wọ́n gbóhùn Ẹmọ́ lẹ́nu ọ̀nà Ìjàpá: "Adíhò, iṣu yín rèé. Ẹ jẹ́ kí ẹrù mi kọjá."

"Kọjá, oníbàárà mi!"

Ikún sáré pe Erin. Erin dé, ó bá ayédèrú eré nínú ẹrù Ẹmọ́, ó bá òkìtì iṣu. "Adíhò, ẹnu ihò tí eré olè bá gbà kọjá ńkọ́?" Ìjàpá sá wọlé. Erin fi ọwọ́jà yí òkúta. Gbì!

"Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí n rojọ́!"

"Ìwọ lo ní kò sí ẹjọ́."

Gbogbo ẹranko tó tẹ̀lé Erin wá hó yè. Ikún nìkan ni kò hó. "Kábíyèsí, ẹ ṣí i. Mo ti wà nínú òkùnkùn yẹn. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà."

Wọ́n ṣí i. Wọ́n ní kó rò ó. Ìjàpá ní, "Iṣu yẹn ló wọ̀ mí lójú." Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì yí gbogbo òkúta kúrò.

Ẹmọ́ ńkọ́? "Mo rò pé eré lásán ni," ló wí.

"Eré lásán ló ń bọ́ ọmọ mẹ́fà?" Ikún wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Eyín ẹ mú ṣá. Jókòó, ká jọ gbẹ́."

Kí òjò ọdún yẹn tó dá, wọ́n ti gbẹ́ eré tuntun tí ojú kan ò rí rí. Àwọn tó ń gbé ẹ̀pà bọ̀ sì ń fara gbún ara wọn nínú ihò.

Ìdí àlọ́ mi rèé: iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn kì í ṣe ohun tí à ń jí, ìbáà ṣe eré. Ṣùgbọ́n kí á tó dí ọ̀nà mọ́ ẹnìkan, kí á gbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Bí irọ́ bá wà ńbẹ̀, kí eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu mi sá lọ bá àwọn yòókù.