Ìdí Tí Ikán Fi Ń Jẹ Òpó Láti Inú

Èmi ò mọ nǹkan kan o. Àwọn tó kàwé ni kẹ́ ẹ bi. Ohun tí mo kàn gbọ́ nípa òpó ilé àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù nìkan ni màá sọ.

Láyé ọjọ́un, kí ẹnikẹ́ni tó máa lé bọ́ọ̀lù kékeré kiri inú oòrùn bí ẹni tó ń lé adìyẹ, ọ̀sán gangan ni ikán ń ṣiṣẹ́. Koríko gbígbẹ ni wọ́n ń jẹ. Wọn kì í fẹnu kan òpó ilé ẹnikẹ́ni. Lábẹ́ àwọn igi ńlá, wọ́n mọ ọ̀gán pupa tó ga ju ènìyàn lọ. Inú èyí tó ga jù ni Ìyá Ikán àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé. Ìyá mọlé, kò sírọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti yìn ín, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Lọ́jọ́ kan, òyìnbó awọnlẹ̀ kan, Mísítà Wọ́kà, gbé okùn dé. Ó fẹ́ ṣe pápá gọ́ọ̀fù síbẹ̀, kó sì kọ́ ilé ìgbafẹ́ sí i. Ó yí ọ̀gán po, ó ń mi orí bí alángbá.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Òjò ò wó èyí rí?"

"Òjò wo? Èyí tó wó ilé bàbá ẹ ò tó wó tèmi!"

Lékeléke tó ń ṣa tata jẹ nítòsí sún mọ́ wọn. "Ìyá Ikán, ẹ rọra o. Àlejò tó ń yin adìyẹ yín, kì í ṣe ojú lásán ló fi ń wò ó."

"Gbẹ́nu sọ́hùn-ún, ẹlẹ́sẹ̀ tínrín! Ta ló yin tìẹ rí?" Ó kọjú sí àlejò. "Itọ́ wa la fi ń po amọ̀ náà. Bí wọ́n bá gún un, tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ilé, kò ní sán láéláé."

"Ẹ ṣeun, Màmá."

"Ṣáà fi ilé mi sílẹ̀ níbi tó wà, kó o sì sọ fáyé pé èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́."

"Mo ti gbọ́."

Ọmọlúwàbí ò kúkú purọ́: ó gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, àwọn oníṣọ́bìrì dé. Wọ́n wó gbogbo ọ̀gán, wọ́n gún un kúnná, wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ilé ìgbafẹ́. Àwọn ọmọ ikán tí ò tètè jáde bá amọ̀ wọnú odó.

Ọdún gorí ọdún. Àwọn ọlọ́lá wá kan òkúta tí wọ́n kọ̀wé sí mọ́ ògiri ilé ìgbafẹ́ náà: "Ilé àjogúnbá. Mísítà Wọ́kà ló kọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bà á jẹ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jẹ kéèkì.

Ìyá Ikán gun àtẹ̀gùn lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù. "Ọmọ mi, ilẹ̀ tó o dúró lé yìí, ilé mi ni. Àwọn ọmọ mi wà nínú ẹ̀."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ṣé ẹ ní káàdì ọmọ ẹgbẹ́?" Ó fi ìgbálẹ̀ gbá a síta.

Láti ọjọ́ náà ni ikán ti sá fún oòrùn. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọnú òpó. Wọ́n á jẹ inú rẹ̀ tán, wọ́n á fi ọ̀dà ara rẹ̀ sílẹ̀ ní dídán. Ọjọ́ tí òpó bá wó, ẹgbẹ́ á figbe ta pé apanirun ti wọ ilé àjogúnbá àwọn.

Èwo nínú wọn gan-an ni ẹ̀yin máa pè ní apanirun?