Ìmọ́tótó Ló Wó Ilé Yéye

Ẹ bá mi dá a lóhùn: báwo ni ìmọ́tótó ṣe ń wó ilé? Àgbàrá ń wó ilé, ikán ń wó ilé, ọmọ tí kò gbọ́n a sì máa ta ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ìlú Ẹ̀bá-Arère, tí ẹnìkan ń ṣe àṣejù lórí ohun tó dára, wọn yóò mirí, wọn yóò ní, "Ìmọ́tótó ló wó ilé Yéye." Àlejò á ní ọ̀rọ̀ náà kò lórí, kò nídìí. Irọ́ ni. Ẹni tó bá lè jókòó jẹ́ẹ́ ni yóò gbọ́ ọ.

Yéye tí wọ́n ń wí ni Yéye Ojúọlápé, ìyá Akínfẹ́nwá agégi. Igi oganwó ńlá kan wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Lọ́dún tí à ń wí yìí, òjò rọ̀ títí ilẹ̀ fi di ẹrẹ̀, gbòǹgbò igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síta, igi sì ń tẹ̀ sórí ilé díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ní kí Yéye kó jáde. Yéye ní òun kò lọ síbì kankan.

"Inú yàrá yìí la sin bàbá yín sí," ló wí fún ọmọ rẹ̀. "Ṣé kí n fi òun nìkan sílẹ̀ fún igi ni?"

Ó wá ku kí wọ́n gé igi. Ẹ̀rọ ìgégi kéékèèké pọ̀ nílùú, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè gé ìdí oganwó yẹn já. Ọ̀kan ṣoṣo tí irin rẹ̀ gùn tó ni ti Akínfẹ́nwá, ẹńjìnnì àtijọ́ kan tí ọkùnrin méjì kì í fẹ́ gbé. Àkókò yẹn gan-an lòun náà yàn láti ṣàìsàn. Kiránkì, irin tó ń yí nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ti ń mì, bẹ́rìn méjèèjì tó gbé e dúró sì ti jẹ tán.

Ni Akínfẹ́nwá bá gbé e tọ Lápité lọ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ mọ́ Lápité: kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òpùrọ́. Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún bíréèkì mọ́tò ṣe, ìmọ́tótó rẹ̀ sì kọjá àfẹnusọ. Ẹ ti rí mẹkáníìkì tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ rí? Lápité nìyẹn.

Ó tú ẹńjìnnì palẹ̀. Ó la ikùn rẹ̀ sí méjì, ó yọ kiránkì, ó fi bẹntiróò fọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sá a sóòrùn, ó tún fi aṣọ funfun nù ún títí kò fi ku nǹkan kan lára irin. Ó fi bẹ́rìn tuntun sí i. Ó fi síìlì tuntun sí i, ìyẹn rọ́bà róbótó méjì tó ń dí etí kiránkì kí atẹ́gùn má baà gba ìsàlẹ̀ wọlé. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

"Ẹ̀gbọ́n, ó mọ́ débi pé ẹ lè jẹun nínú rẹ̀," ló sọ fún Akínfẹ́nwá.

Wọ́n fà á, ó dáhùn, ohùn rẹ̀ tutù. Ó di ìdí oganwó. Kò tíì wọ inú igi tó ìbú ọwọ́ kan tí ara rẹ̀ fi gbóná, ló bá ń pariwo fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́, ló bá kú.

"Kí ló ṣe é?" Akínfẹ́nwá bi í.

"N kò mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

Lápité tú u padà. Síìlì méjèèjì ti jóná. Ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ó lọ sí Oǹdó lọ ra òmíràn, ó tún ẹńjìnnì fọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́tẹ̀ yìí, ó nù ún, ó tò ó. Nígbà tí wọ́n dé ìdí igi, ariwo kan náà, ikú kan náà.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ gbogbo wọn lójú. Akínfẹ́nwá da bẹntiróò nù, ó ra tuntun. Lápité pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó yẹ kábúrétọ̀ wò, ó ka nọ́ńbà ara bẹ́rìn bí ẹni ń ka lẹ́tà. Kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á, bí ẹ̀rù sì ṣe ń bà á ló túbọ̀ ń fọ irin. Àwọn kan ní igi ni kò fẹ́ kí wọ́n gé òun.

"Igi tó wà lẹ́yìnkùlé mi ló ń jó rọ́bà nínú ikùn ẹńjìnnì?" Yéye dá wọn lóhùn. "Ẹ kò rí nǹkan sọ ni."

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, sùúrù Yéye tán. Obìnrin tí kò kúrò nílé láti ìgbà tí igi ti ń tẹ̀, ó mú ọ̀pá rẹ̀ láàárọ̀, ó di ṣọ́ọ̀bù Lápité. Ó bá ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, ó bá Lápité tó jókòó síwájú irin, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Lápité, ẹ̀mí mi lo fi ń ṣeré yìí."

"Ẹ má bínú, Yéye. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ti ṣe. Ó yé mi tẹ́lẹ̀, kò yé mi mọ́."

"Ṣe é níṣojú mi."

Ó fọ̀ ọ́, ó sá a, ó nù ún. Ó mú síìlì, ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Yéye di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Kí lo fi pa á?"

"Kí ni, Yéye?"

"O wẹ̀ ẹ́ tán, kí lo fi pa á lára? Ọmọ tí a wẹ̀ tí a kò fi àdín pa, ṣebí ara rẹ̀ á máa bó ni."

Àánú rẹ̀ ṣe Lápité. "Yéye, irin kì í ṣe ọmọ. A kì í jẹ́ kí òróró kan ohun tí a bá tún ṣe. Èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ ọ̀gá mi."

"Kí ni ọ̀gá rẹ ń tún ṣe?"

"Bíréèkì."

"Kí ni iṣẹ́ bíréèkì?"

"Kó di táyà mú kó má yí."

"Eléyìí ńkọ́?" Yéye fi ọ̀pá tọ́ka sí kiránkì.

"Kó máa yí," Lápité wí.

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Òróró wà nínú bẹntiróò tí ẹńjìnnì ń mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó tó sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, rọ́bà gbígbẹ ti ń ha irin gbígbẹ, ó ti jóná, atẹ́gùn ti ráyè wọlé, ẹńjìnnì sì ti ya wèrè. Ojú tì í. Ó mú gíríìsì, ó fi pa ẹnu síìlì, ó da òróró sí bẹ́rìn, ó tò ó pa dà. Wọ́n fà á. Wọ́n fi la ìtì igi kan nínú ọgbà títí ara rẹ̀ fi gbóná janjan. Kò pariwo. Akínfẹ́nwá dì mọ́ Lápité, inú rẹ̀ dùn dé àyà.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde ni atẹ́gùn dé. Kò pẹ́, kò tilẹ̀ le púpọ̀. Wọ́n gbọ́ "gbìì" láti apá ilé.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, oganwó ti sùn sórí ilé láti ẹ̀yìn dé iwájú, ó ti tẹ yàrá pa mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀dì, àpótí, àti àga tí Yéye máa ń jókòó sí láràárọ̀. Akínfẹ́nwá wo ìyá rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún wò ó, ó wá jókòó sílẹ̀.

Yéye ní kí wọ́n gbé igi kúrò lórí ọkọ òun. Ẹńjìnnì náà gégi títí oòrùn fi wọ̀, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Lápité ló ń ru ìtì, ó ń ru, ó ń sunkún, kò sì fi pamọ́.

"Má sunkún mọ́," Akínfẹ́nwá sọ fún un. "Atẹ́gùn ni, kì í ṣe ìwọ."

Yéye gbé ojú sókè níbi tó jókòó sí. "Atẹ́gùn ti ń fẹ́ kí wọ́n tó bí ìwọ náà, Akínfẹ́nwá. Ká ní a ti gé igi yìí lọ́jọ́ kìíní, kí ni atẹ́gùn ìbá rí wó? Lápité, lọ bu omi mu. O ṣiṣẹ́ rẹ dáadáa, o ṣe é jù, o sì ṣe é síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìmọ́tótó ló wó ilé Yéye."